Ẹ̀rí tí kò ní "bó ṣe wá di pé": níbo lẹ ti ń fura pé Ọlọ́run wà nítòsí lọ́jọ́ lásán?

Mọ́míÌbejì_ÒkèÀró · Ọjọ́ Ajé, 6:52 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi láti àná tí mi ò rí ẹni sọ ọ́ fún, ọkọ mi ti fi mí rẹ́rìn-ín títí ó ti sú u, mo ní jẹ́ n gbé e wá síbí.

Wọ́n ní ká jáde wá jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹni tó ṣáájú mi, àbúrò ẹ̀ ló rí físà gbà. Ẹni tó ṣáájú ìyẹn, mọ́tò gbókìtì ní ọ̀nà Ọ̀wẹ̀nà, kò sẹ́ni tó fara pa. Èmi náà bá dìde, mi ò mọ ohun tó gbé mi dìde. Mo ní ẹ yin Olúwa, wọ́n ní halelúyà. Mo ní lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá, iná ò sí, jẹnẹrétọ̀ mi kọ̀ kò ṣiṣẹ́, aṣọ ẹbí mẹ́rìnlá wà nílẹ̀ tí wọ́n fẹ́ wọ̀ ní Sátidé, máṣíìnì oníná ò lè yí, a bá gbé ọlọ́wọ́ àtijọ́ jáde, a tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sí i. Òjò wá bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ sórí páànù, ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ń yí máṣíìnì, ó ń kọrin lábẹ́ ahọ́n, mo kàn dédé mọ̀ pé Ọlọ́run wà níbẹ̀ pẹ̀lú wa. Mo ní ẹ bá mi yin Olúwa. Mo dákẹ́.

Àwọn náà dákẹ́. Ìyókù ni wọ́n ń retí! Pásítọ̀ ní "ehn ehn, sísítà, iná wá dé?" Mo ní rárá sà. "Ẹnì kan wá gbé owó wá?" Mo ní rárá sà, a fọwọ́ yí i títí di aago mọ́kànlá òru ni. Ó wò mí, ó ní "ó dáa, Ọlọ́run á parí ohun tó bẹ̀rẹ̀, ẹni tó kàn!" Àwọn kọ́ayà ń fi hankachíìfù bo ẹnu.

Mi ò bínú sí pásítọ̀ o, èèyàn dáadáa ni. Mo kàn ń bi yín, ṣé ìyẹn kì í ṣe ẹ̀rí? Àbí ó rẹ̀ mí ni, òjò tutù sí mi lára, mo wá pè é ní Ọlọ́run? Ẹ̀yin ńkọ́, ẹ má sọ ti iṣẹ́ ìyanu ńlá fún mi, ojúmọ́ lásán tí ẹ kàn jí tí ẹ jáde, níbo lẹ ti máa ń fura pé Ó wà nítòsí?

---

Ògo_Ńlá_Ń_Bọ̀ · Ọjọ́ Ajé, 7:20 àárọ̀

Mummy ẹ má bínú o, ìgbàgbọ́ kékeré ló ń jẹ́ ká máa dúpẹ́ òjò. Ọlọ́run tí èmi ń sìn máa ń tan iná ni, kì í bá èèyàn jókòó sókùnkùn. Ẹ béèrè ohun ńlá!!!

---

Bọ̀ọ̀sì_Alágbàkà · Ọjọ́ Ajé, 8:05 àárọ̀

Mọ́mí, ẹ̀rí yín dùn mọ́ mi, èmi tí mi ò kí ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì mọ́ ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ bi wá léèrè, ẹ jẹ́ n dáhùn. Lọ́dún tí mo ra Camry tokunbọ̀, mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé Camry pọ̀ tó báyẹn ní Àkúrẹ́ yìí. Láti Alágbàkà dé Ìsínkàn, Camry ni mò ń rí, Camry dúdú, Camry eérú, Camry tí bọ́ńpà ẹ̀ ti já. Wọn ò ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wọn dé, ojú tèmi ló ń wá wọn. Ẹni tó bá ń wá Ọlọ́run kiri á rí I nínú òjò, á rí I nínú ẹ̀bà. Ẹni tó bá ń wá àjẹ́, àjẹ́ náà ló máa rí, ẹ bi àwọn ará àdúgbò wa. Ìwọ̀n wo la fẹ́ fi wọ̀n ọ́n tá a ó fi mọ̀ pé eléyìí lóòótọ́ ni, tọ̀hún ojú ló ń ṣe wá?

---

Àgbẹ̀Kòkó_Ìdànrè · Ọjọ́ Ajé, 12:41 ọ̀sán

Ẹ kú iṣẹ́ o. Oko ni mo ti ń tẹ eléyìí, nẹ́tíwọ̀kì ń lọ ó ń bọ̀, tí ẹ bá rí ibi tó gé ẹ fojú fò ó.

Ọmọ Ìdànrè ni mí. Àwọn àlejò máa ń wá gun òkè wa, àtẹ̀gùn tó lé ní 600, tí wọ́n bá mí hẹlẹ dé òkè wọ́n á ya fọ́tò wọ́n á ní ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́ Ọlọ́run. Òótọ́ ni. Àmọ́ èmi tí mò ń gbé abẹ́ ẹ̀, òkè yẹn ti dà bí ògiri ilé lójú mi, ó máa ń tó oṣù mélòó kan tí mi ò ní wò ó. Inú kòkó ni mo ti ń rí I.

Tí a bá ti fọ́ kòkó tán, a ó kó o jọ pelemọ, a ó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó, ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́fà, a ó máa yí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Tó bá fi di ọjọ́ kẹta, tí ẹ bá ki ọwọ́ bọ inú ẹ̀, gbígbóná ni, èyí tí ẹ ó fi yára fa ọwọ́ yọ, bẹ́ẹ̀ ẹnì kankan ò dáná síbẹ̀. Èyí tó funfun tó ń yọ̀ nígbà tá a fọ́ ọ yẹn, á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, òórùn ẹ̀ á kan bí ẹmu àná. Ọjọ́ kan èmi nìkan ni mo sùn lóko, ìdájí ni, òtútù ń mú gan-an, mo lọ gbé ọwọ́ lé e láti mọ ibi tó dé, mi ò wá lè gbé ọwọ́ náà kúrò. Ó dà bí ìgbà téèyàn gbọ́wọ́ lé àyà ọmọ tó sùn. Mi ò gbàdúrà o. Mo kàn dúró síbẹ̀ ni.

Kẹ́ ẹ má baà rò pé owó ló ń dùn mọ́ mi: lọ́dún 2024 tí kòkó wọ́n dé góńgó, gbogbo wa pátá la rí Ọlọ́run, títí kan àwọn olè tó ń wá ká a lóru. Èyí tí mò ń sọ yìí, ọdún tí òjò pọ̀ jù tí kòkó ń di dúdú lórí igi ni, ìlàjì ẹ̀ la jù nù.

---

Bọ̀ọ̀sì_Alágbàkà · Ọjọ́ Ajé, 1:10 ọ̀sán

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kọ ọ́ dáadáa o, mo fẹ́ràn ẹ̀. Àmọ́ ohun tó ń gbóná níbẹ̀, ìwúkàrà àti àwọn kòkòrò tí ojú ò rí ni, wọ́n ń jẹ ṣúgà ara kòkó náà, ibẹ̀ ni ooru ti ń jáde. Ọlọ́run kọ́, baktéríà ni.

---

Àgbẹ̀Kòkó_Ìdànrè · Ọjọ́ Ajé, 4:33 ìrọ̀lẹ́

Àwọn àgíríìkì ti kọ́ wa ní gbogbo ìyẹn tipẹ́, bọ̀ọ̀sì mi. Jẹ́ n bi ọ́. Ìyàwó ẹ gbé ọbẹ̀ gbígbóná kalẹ̀ fún ẹ lálẹ́, mo wá sọ fún ẹ pé gáàsì ló sè é. Ṣé mo parọ́? Mi ò parọ́. Ṣé o máa wá torí ẹ̀ ní ìyàwó ẹ kọ́?

---

Bọ̀ọ̀sì_Alágbàkà · Ọjọ́ Ajé, 4:40 ìrọ̀lẹ́

😂😂 Mi ò tíì gbéyàwó. Àmọ́ mo gbà, ẹ mú mi lọ́rùn.

---

BàbáTísà_tó_ti_fẹ̀yìntì · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5:48 àárọ̀

Ẹ jẹ́ kí àgbà dá sí i. Ìyá Ìbejì, má jẹ́ kí ẹ̀rín kọ́ayà dùn ọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba ọ̀nà Iléṣà lọ ń gba Ìkejì-Arákejì kọjá, kí lẹ mọ̀ nípa ibẹ̀ yàtọ̀ sí yunifásítì? Orúkọ ẹni tó wà lára yunifásítì yẹn, Joseph Ayọ̀ Babalọlá, dẹ́rẹ́bà ni. Ẹ̀rọ ńlá tó ń tẹ títì ló ń wà fún PWD, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń ṣe títì, àwọn òyìnbó ń la ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́ nígbà yẹn, lọ́dún 1928. Bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́ ni pé ẹ̀rọ dédé dúró, ó wò ó títí kò rí ohun tó ṣe é, ló bá gbọ́ ohùn tó ń pe orúkọ òun. Ọdún kejì sí ìyẹn, 1930, ni ìsọjí ńlá ti Òkè-Oòyè ní Iléṣà tí èrò ń wọ́ lọ láti ibi gbogbo, àwọn bàbá wa ní Àkúrẹ́ níbí náà fẹsẹ̀ rìn lọ.

Gbogbo èèyàn ló ń sọ ti Òkè-Oòyè. Èmi ti ọ̀nà yẹn ló ń jẹ́ kí n ronú. Ẹnu iṣẹ́ ló wà, oòrùn ń pa á, òróró ẹ̀ńjìnnì wà lọ́wọ́ ẹ̀. Jákọ́bù náà, òkúta ló fi ṣe ìrọ̀rí nínú igbó, ó jí, ó ní "Lóòótọ́ Olúwa ń bẹ níhìn-ín yìí, èmi kò sì mọ̀." Ẹ wo "èmi kò sì mọ̀" yẹn dáadáa. Kì í ṣe ìgbà tó mọ̀ ni Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Ẹ sì tún fetí sí bí àwa fúnra wa ṣe ń kíra. "Ṣé dáadáa lẹ jí?" "A dúpẹ́." Ta là ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀? A kì í dárúkọ, ẹni tó kí wa kọ́ là ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ ṣá. Ó ti wà lẹ́nu wa tipẹ́tipẹ́, ọ̀pọ̀ wa ò gbọ́ ohun tá à ń sọ mọ́ ni. Mo fi ọdún 33 kí àwọn ọmọ kíláàsì mi láràárọ̀ kí n tó fura.

---

Alùpùpù_Oǹdó · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:15 alẹ́

Àsàláámù àlékúmù gbogbo ilé. Ọ̀kadà ni mò ń gùn l'Óǹdó níbí, Yába lọ Yába bọ̀. Ẹ̀sìn wa ní ọ̀rọ̀ tá a máa ń sọ tá a bá fẹ́ gun nǹkan, ó wà nínú Kùránì, súrà 43 áyà 13, ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé mímọ́ ni fún Ẹni tó tẹ èyí lórí ba fún wa, àwa ò bá tí lè kápá ẹ̀. Mo lè gbé èèyàn ogójì lójúmọ́, ẹ̀ẹ̀mẹrìndínlógójì nínú ẹ̀ ẹnu lásán ló ń kà á, ọkàn wà lọ́dọ̀ ṣéńjì. Mi ò ní purọ́ fún yín. Ó ku ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ẹ̀ẹ̀mẹrin yẹn, mo ń kà á lọ, ó kàn máa ń bọ́ sí mi lára pé ẹ̀rọ tí mo jókòó lé yìí lágbára jù mí lọ, ta ló ń bá mi dì í mú? Ara mi á wálẹ̀. Màá dín eré kù. Àwọn oníbàárà á ní "Álífà kí ló dé, ẹ sáré jàre."

Bọ̀ọ̀sì Alágbàkà, Ọlọ́run ní Òun sún mọ́ èèyàn ju iṣan ọrùn ẹ̀ lọ, súrà 50 áyà 16. Ohun tó bá sún mọ́ni tó báyẹn ojú ò ní tètè ká a. Ṣáà gbìyànjú kó o fojú ara ẹ wo ọrùn ara ẹ, láìlo dígí.

---

Túndé_SouthGate · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10:02 alẹ́

Ẹ jọ̀ọ́ Mọ́mí Ìbejì ṣé ẹ ń ran agbádá? Èèlòó fún ẹni tí ò ga? A fẹ́ ṣe ayẹyẹ ìgboyè

---

Adarí · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10:30 alẹ́

Túndé, abala Ọjà wà nísàlẹ̀. Mo sì ti yọ ẹni méjì tó ń fi nọ́ńbà àdúrà olówó síbí, ẹ má tún dán an wò. Ẹ máa bá ọ̀rọ̀ yín lọ.

---

Bọ̀ọ̀sì_Alágbàkà · Ọjọ́rú, 7:31 àárọ̀

Álífà, ọ̀rọ̀ ọrùn yẹn kò jẹ́ kí n sùn. Àmọ́ ohun tó wà nínú mi gan-an mi ò tíì sọ ọ́.

5 June 2022, Sọ́ńdè Pẹ́ńtíkọ́ọ̀sì, ṣọ́ọ̀ṣì St. Francis ní Ọ̀wọ̀. Gbogbo wa ní ìpínlẹ̀ yìí la mọ ọjọ́ yẹn. Nǹkan bí 40 èèyàn ni wọ́n pa, àwọn ọmọdé wà nínú ẹ̀, wọn ò jáde nínú ilé Ọlọ́run tí wọ́n ti wá jọ́sìn. Ọ̀sẹ̀ kejì ẹ̀ ẹnì kan ń jẹ́rìí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní ibi tí mò ń lọ nígbà yẹn pé Ọ̀wọ̀ lòun ì bá wà lọ́jọ́ yẹn, àmọ́ Ọlọ́run fi táyà mọ́tò òun tó jò pa òun mọ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo dìde mo jáde, mi ò tíì padà. Tó bá jẹ́ pé Ó wà níbi tí táyà yẹn ti jò, níbo ló wà láàárọ̀ yẹn? Ẹ má fi gáàsì àti ọbẹ̀ dá mi lóhùn lórí èyí.

---

Àgbẹ̀Kòkó_Ìdànrè · Ọjọ́rú, 1:02 ọ̀sán

Mi ò ní fi dá ọ lóhùn. Mo ti ka ọ̀rọ̀ ẹ.

---

Ògo_Ńlá_Ń_Bọ̀ · Ọjọ́rú, 1:30 ọ̀sán

Ọgbọ́n Ọlọ́run jù tiwa lọ, a kì í bi Ọlọ́run léèrè

---

Nọ́ọ̀sì_Alẹ́ · Ọjọ́bọ̀, 4:47 ìdájí

Láti ijẹta ni mo ti ń kà yín, ẹnu iṣẹ́ ni mo wà. Mi ò ní dáhùn ọ̀rọ̀ Ọ̀wọ̀. Ẹni tó bá ní òun mọ ìdáhùn ẹ̀, onítọ̀hún ló ń bà mí lẹ́rù.

Ohun tí mo mọ̀ ni pé ní wọ́ọ̀dù, ẹni tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kẹfà máa ń gbọ́ ẹ̀rí bẹ́ẹ̀dì keje. Tí bẹ́ẹ̀dì keje bá ń di ẹrù tó ń kọrin pé Ọlọ́run fẹ́ràn òun ló jẹ́ kóun lọ sílé lónìí, bẹ́ẹ̀dì kẹfà tí kò ní lọ sílé, kí ló gbọ́? Mo rí ojú obìnrin kan lọ́jọ́ kan bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ náà mi ò kí ń sọ "Ọlọ́run yọ mí" ní gbangba mọ́, mo máa ń sọ ọ́ nílé, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Bọ̀ọ̀sì, mo rò pé ohun tó lé ìwọ náà jáde nìyẹn.

Ìdí tí ẹ̀rí Mọ́mí Ìbejì fi dùn mọ́ mi nìyí: kò mú nǹkankan kúrò lọ́wọ́ ẹlòmíì. Iná ò dé, owó ò wọlé, kò sí ẹni tó máa gbọ́ ọ tó máa ní "èmi ńkọ́?" Ó ní Ó wà níbẹ̀, ó tán.

Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn bàbá kan di ọwọ́ mi mú ní aago mẹ́ta òru, ó ń pe orúkọ kan tí kì í ṣe tèmi, mo rò pé ọmọ ẹ̀ ni. Mo ní "mo wà níbí, bàbá." Mi ò mọ̀ bóyá irọ́ ni mo pa. Bàbá ò dé ojúmọ́. Kò sí ìyanu kankan níbẹ̀, mo sì tún ní fáìlì mẹ́rin láti kọ lẹ́yìn ẹ̀. Àmọ́ a ò dá wà nínú yàrá yẹn, èmi àti bàbá. Mi ò lè ṣàlàyé ẹ̀ jù báyẹn lọ, mo fẹ́ lọ fún bẹ́ẹ̀dì kejì lóògùn.

---

Ọmọ_Ìjàpọ̀ · Ọjọ́bọ̀, 8:20 àárọ̀

Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́ o, Ọlọ́run á dúró tì yín.

Kátólíìkì ni mí, n ó fẹ́ mú wa padà sórí ìbéèrè ìwọ̀n tí Bọ̀ọ̀sì kọ́kọ́ bi, torí ẹnì kan ti jìyà lé e lórí ní nǹkan bí 500 ọdún sẹ́yìn. Sójà ni Ignatius, ọmọ Loyola ní Sípéènì, ó fẹ́ràn ogun, ó fẹ́ràn fáàrí. Lọ́dún 1521 ni ọta àgbá fọ́ ọ lẹ́sẹ̀ ní Pamplona. Wọ́n gbé e lọ sílé, ó sùn sílẹ̀ fún oṣù bíi mélòó kan, ó ní kí wọ́n wá ìwé ìtàn àwọn akọni ogun fóun, wọn ò rí i nínú ilé, ìgbésí ayé Jésù àti ti àwọn ẹni mímọ́ ni wọ́n rí. Ó ń kà á, tó bá sú u á tún máa fọkàn ro ogun àti obìnrin tó fẹ́. Ó wá ṣàkíyèsí nǹkan kan: méjèèjì ló dùn nígbà tó ń rò ó lọ́wọ́, àmọ́ tó bá ti ro ti fáàrí tán, inú ẹ̀ á gbẹ táútáú, tó bá ti ro tọ̀hún tán, inú ẹ̀ á ṣì máa dùn, ọkàn ẹ̀ á balẹ̀. Ìwọ̀n tó rí nìyẹn. Kì í ṣe bó ṣe rí lára nígbà tó ń ṣẹlẹ̀, ohun tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn ẹ̀ ni.

Ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni àwọn Jésúìtì, ẹgbẹ́ àwọn fadá Kátólíìkì kan, ti bẹ̀rẹ̀, Póòpù fọwọ́ sí wọn ní 1540, wọ́n sì máa ń ṣe àyẹ̀wò ọkàn kan títí dòní, ìyá mi àgbà náà ń ṣe é láìmọ̀ pé ó lórúkọ. Lálẹ́, kó o tó sùn, wàá dúpẹ́, wàá ní kí Ọlọ́run tanná fún ẹ, wàá wá tú ọjọ́ náà palẹ̀ láti àárọ̀, bí ẹni tó ń ṣa ìrẹsì: ibo ni mo ti súnmọ́ Ọ, ibo ni mo ti sá fún Ọ? Wàá tọrọ ìdáríjì èyí tó kù díẹ̀ káàtó, wàá fi ọ̀la lé E lọ́wọ́. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti tó. Èmi máa ń sùn lọ sórí ọ̀sán 😅

Mọ́mí Ìbejì, ẹ dán an wò, kẹ́ ẹ wá sọ fún wa.

---

Mọ́míÌbejì_ÒkèÀró · Ọjọ́bọ̀, 8:51 àárọ̀

Mo ti ka gbogbo yín, omi ń bọ́ lójú mi níwájú oníbàárà. Màá ra ìwé kékeré kan lónìí. Túndé, mò ń ran agbádá o, kọ̀wé sí mi ní abala Ọjà 🙏

---

Mọ́míÌbejì_ÒkèÀró · Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ mọ́kànlá lẹ́yìn ẹ̀, 9:40 alẹ́

Ẹ kú alẹ́. Mo ṣe é, alẹ́ mẹ́sàn-án nínú mọ́kànlá. Alẹ́ méjì mo sùn lọ bíi ti Ọmọ Ìjàpọ̀. Alẹ́ mẹ́ta mi ò rí nǹkankan kọ, mo kàn kọ "mo ṣiṣẹ́, mo sùn." Alẹ́ kan mo kọ pé ẹlẹ́ẹ̀kọ Ọjà Ọba fún mi ní ẹ̀kọ lé, mi ò bẹ̀ ẹ́. Alẹ́ kan ìjà ni mo kọ, èmi àti ẹ̀gbọ́n ọkọ mi.

Àmọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ nìyí, ó ti ń jẹ mí lọ́kàn láti Ọjọ́rú. Nígbà tí mò ń tú ọjọ́ palẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ọkàn mi ń padà sọ́dọ̀ ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ yẹn, mi ò mọ ìdí ẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì mo wá bi í, mo ní orin wo lo ń kọ lọ́jọ́ tí òjò ń rọ̀ yẹn, ó dùn gan-an, kọ́ mi. Ọmọ ò dáhùn. Mo tún bi í. Ó ní "mọ́mí, ẹ̀rù òkùnkùn ló ń bà mí, ìyẹn ni mo fi ń kọrin." Ó ní láti kékeré ni. Ó ní ẹ̀rù òjò náà ń ba òun, páànù ilé wọn ti ṣí rí nígbà tóun wà nínú ẹ̀.

Mo jókòó. Gbogbo ìsinmi ọkàn tí mo lọ jẹ́rìí ẹ̀ níwájú ìjọ, lórí ìbẹ̀rù ọmọ ọlọ́mọ ni. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, mo ní kó máa yí máṣíìnì títí di mọ́kànlá òru, mo sì ń gbádùn orin ẹ̀.

Mo ti ra láǹtánì oníṣáájì, méjì. Mi ò kí ń jẹ́ kó kọjá aago méje mọ́, aṣọ tí ò bá tán kó máà tán.

---

Bọ̀ọ̀sì_Alágbàkà · Ọjọ́ Ajé, 10:05 alẹ́

Mọ́mí. Mi ò fẹ́ fi èyí yọ yín lẹ́nu o, mo fẹ́ mọ̀ ni. Ṣé Ó wà níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn àbí kò sí níbẹ̀?

---

Mọ́míÌbejì_ÒkèÀró · Ọjọ́ Ajé, 10:19 alẹ́

Ó wà níbẹ̀. Mo ṣì gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ẹni tí mo rò pé Ó jókòó sí gan-an ló ń rú mi lójú báyìí.

---

Nọ́ọ̀sì_Alẹ́ · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3:12 òru

Mo rí i kà.

---

Bọ̀ọ̀sì_Alágbàkà · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:30 àárọ̀

Èmi náà ra ìwé kékeré o. Kẹ́nikẹ́ni má bi mí ní nǹkankan.

---

Túndé_SouthGate · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:44 àárọ̀

Mọ́mí ẹ ṣeun o, agbádá bá mi mu gan-an. Ọmọ yín ló wọ̀n mí, ó ní kí n sọ fún yín pé òun gbàgbé teepu sílé mi 😂

---

Mọ́míÌbejì_ÒkèÀró · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:01 àárọ̀

Teepu yẹn ni mo ti ń wá láti àná! Mú un bọ̀ jàre, màá fún ẹ ní owó ọ̀kadà.